Kòkòrò Wo Lẹ Fẹ́ Pa?

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì tàbí ìtúpalẹ̀ ìwé ìtàn-àròsọ la gbé wá. Ọ̀rọ̀ ẹja ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ ẹja yìí ti dójú ti àwa tí à ń pe ara wa ní akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, bí ẹ bá sì kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ó kan ìkòkò ọbẹ̀ tiyín náà.

Méjì nínú wa ń gbé ní Ìdímù, ní Alímòṣọ́. Bàbá onílé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Bàbá fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní jókòó máa wo ọwọ́ ọmọ. Wọ́n mọ kòtò kọ́ńkéré méjì sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fa omi kànga ẹ̀rọ sí i, wọ́n ra ọmọ ẹja àrọ̀, ọ̀sìn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé irú Bàbá yìí pọ̀, láti Ìdímù dé Ìkọ̀tún, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndó. Níbi tí ilé ti fara kan ilé, tí kò sí àyè láti gbin àgbàdo, èèyàn ṣì lè rí àyè sin ẹja.

Nígbà òjò tó kọjá, ẹja Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bákan. Wọ́n ń fi ara ha ògiri. Ikun funfun bò wọ́n lára bí ẹni pé a fi ẹ̀kọ mímu pa wọ́n. Wọn kò sáré sí oúnjẹ mọ́. Àrọ̀ a máa yọrí mí afẹ́fẹ́ lóòótọ́, ìṣẹ̀dá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí gbogbo wọn yọrí pọ̀, tí wọ́n ń ya ẹnu láìsinmi, Bàbá mọ̀ pé ewu ti dé.

Bàbá gba ilé ìtajà oògùn ẹran ọ̀sìn kan lọ. Wọ́n ní, "Kòkòrò ló bá ẹja mi." Ẹni tó ń tajà kò béèrè ohunkóhun. Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó gbé ike ìyẹ̀fun yẹ́lò kan lé Bàbá lọ́wọ́. "Apakòkòrò rèé, Bàbá. Ẹ dà á sómi." Bàbá dà á sómi. Lọ́jọ́ kejì, ẹja ń kú. Bàbá padà lọ, ọ̀gbẹ́ni náà ní kí wọ́n fi kún un. Wọ́n fi kún un. Ẹja ń kú sí i. Owó tí Bàbá fi ra oúnjẹ ẹja láti bí oṣù mẹ́ta, tí wọ́n ti fọkàn sí pé yóò di owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí léfòó lójú omi.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá pe ọ̀kan nínú wa, wọ́n na ike náà sí i. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé Yorùbá ní yunifásítì, wá bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbí, kí o sọ ọ́ fún mi kó yé mi."

Ó gbà á. Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Ó lè kà á, ṣùgbọ́n kò lè túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó lè ṣàlàyé àrànmọ́ àti ìsúnkì lójú oorun, tó máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé àmì ohùn sórí fáwẹ̀lì, dúró síwájú àgbàlagbà, ó ń ká lọ́lọ̀: "Bàbá, ó ní... ó ní ó ń pa kòkòrò ni."

Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Kòkòrò wo?"

Ìbéèrè yẹn la gbé wá síbí lónìí. Ohun tí a sì fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀: ẹ̀pa ẹja ni wọ́n ń tà fáwọn èèyàn wa lórúkọ ìwòsàn, ohun tó sì ń jẹ́ kí ọjà náà tà ni pé ìmọ̀ tó yẹ kó dáàbò bò wọ́n wà ní èdè tí wọn kì í fi ronú. Àwa náà wà lára àwọn tó jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe ẹja náà. A ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀sìn ẹja. Ó fi abẹ pẹlẹbẹ ha ikun díẹ̀ lára ẹja tó ṣì wà láàyè, ó gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù ní iléèwé wọn. Ohun tó rí rí roboto bí táyà, ó ń yí bírí bírí, eyín sì wà yí ká inú rẹ̀. Trichodina ni orúkọ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bakitéríà rárá. Ara ẹja àti ẹ̀yà tí ẹja fi ń mí ló máa ń dì mọ́, inú omi tó dọ̀tí, tí ẹja ti pọ̀ jù, ló sì ti máa ń rẹ̀ sí i.

Kí ló wá wà nínú ike Bàbá? Oxytetracycline. Iṣẹ́ tí a dá oògùn yìí fún ni láti dá bakitéríà dúró kó má lè pọ̀ sí i. Kò lè wo Trichodina. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí olè wọ ilé, tí a wá gbé oògùn eku kalẹ̀ dè é.

Bóyá ẹnìkan á ní àpèjúwe yẹn ti le jù. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lo èyí tí gbogbo wa mọ̀. Kò sí ilé kan ní Ìdímù tí wọn kò mọ ibà àti táífọ́ọ̀dù. Ohun tó ń fa táífọ́ọ̀dù, bakitéríà ni. Ohun tó ń fa ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, kì í ṣe bakitéríà. Ẹ̀dá mìíràn ni, Plasmodium, tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn tó sì ń jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oògùn méjèèjì fi yàtọ̀. Bí ọmọ yín bá ní ibà lásán, tí ẹnìkan ń fún un ní amoxicillin nìkan, ẹ ó pariwo. Kí ló dé tí a kì í pariwo bó bá di ti ẹja?

Èsì tiwa ni pé ọ̀rọ̀ kan ló ń tàn wá: "kòkòrò". Lẹ́nu wa, aáyán kòkòrò ni. Ohun tó ń jẹ ẹ̀wà kòkòrò ni. Ohun tó ń fa táífọ́ọ̀dù kòkòrò ni, ti ibà kòkòrò ni, ti kòrónà náà kòkòrò ni. Èyí tí à ń fín sí yàrá nítorí ẹ̀fọn, apakòkòrò. Èyí tí àgbẹ̀ ń fín sóko, apakòkòrò. Kápúsù tí dókítà kọ fún ọgbẹ́ tó ń ṣọyún, apakòkòrò. Ṣé a wá lè gbé oògùn ẹ̀fọn mu nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun ń dùn wá? Nígbà tí Bàbá wí pé kòkòrò, tí ọlọ́jà wí pé apakòkòrò, olúkúlùkù wọn rò pé àwọn ti gbọ́ ara wọn yé. Wọn kò gbọ́ ara wọn yé rárá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí èyí sọ pé èdè wa ló tòṣì. Gẹ̀ẹ́sì náà ní "germ" àti "bug" tí wọ́n ń lò bí a ṣe ń lo kòkòrò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ tó ṣe é pín nǹkan sí wẹ́wẹ́. Àwa náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé, a kàn kọ̀ láti gbé e jáde ni.

Ẹ lọ wo igi obì tàbí igi kòkó. Ewé kan wà tó máa ń hù sórí ẹ̀ka rẹ̀, tí kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, tó jẹ́ pé omi ara igi ló ń fà mu. Àfòmọ́ ni. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní ń bá tan. Kí ló tún kù láti sọ? Ẹ̀dá tó ń gbé lára ẹ̀dá mìíràn, tó ń jẹ lára rẹ̀, tí kò san nǹkan kan padà: àfòmọ́ ni a ó máa pè é, yálà lórí igi ni, tàbí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tàbí lára ẹja. Àwọn kan ti ń lò ó bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo wa máa lò ó. Bí Bàbá bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní, "Àfòmọ́ ló bá ẹja mi," ó kéré tán, ọlọ́jà á mọ̀ pé ìyẹ̀fun yẹ́lò yẹn kọ́.

Àfòmọ́ ara ẹja pín sí ọ̀nà mẹ́ta tí ẹni tó ń sin ẹja gbọ́dọ̀ mọ̀.

Èkíní ni àwọn onísẹ́ẹ̀lì kan. Trichodina wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní Ich, tó máa ń dà bíi pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí ẹja lára. Ẹ fetí sí ìwà Ich dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Abẹ́ awọ ẹja ló ti ń jẹun. Bó bá yó, á já bọ́, á lọ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ omi, á wé ara rẹ̀ ní èèpo, á sì pín sí ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí á wá jáde, wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja tuntun kiri. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, gbogbo èyí kì í ju bí ọjọ́ mélòó kan lọ. Ìgbà tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nìkan ni oògùn tí a dà sómi lè rí i pa. Ìgbà tó bá wà lábẹ́ awọ tàbí nínú èèpo, oògùn kò kàn án. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan kì í fi í tó.

Èkejì ni àwọn aràn tíńtín tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yà ìmí àti awọ ẹja. Dactylogyrus a máa yé ẹyin. Gyrodactylus a máa bí ọmọ láàyè. Oògùn tó mọ̀ wọ́n jù ni praziquantel, oògùn kan náà tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ iléèwé nítorí àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tí à ń kó nínú odò. Oògùn yìí kì í sábà pa ẹyin, nítorí náà ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ tún un lò nígbà tí ẹyin bá ti pa.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ojú lè rí: eṣúṣú, iná ẹja, àti àwọn tó máa ń gún orí wọn bọ inú ẹran ara ẹja bí ìdákọ̀ró. Fún àwọn wọ̀nyí, kí a gbẹ omi kòtò náà tán, kí a fọ̀ ọ́, kí oòrùn sì pa á dáadáa kí á tó da ẹja mìíràn sí i, iṣẹ́ ńlá ni.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, a kò rí ibi tí tetracycline ti wọ̀ ọ́.

Kí wá ni kí Bàbá ṣe? Ohun tí ọ̀rẹ́ wa kọ́ wa la ó sọ, a ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n, nítorí ìtọ́jú tí kò ní ìwọ̀n, àfọ̀ṣẹ ni.

Omi ni kí á kọ́kọ́ wò. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó rà nínú omi a máa di ammonia, ammonia náà a sì máa mú kí ẹja ṣe bí ẹni tí àfòmọ́ ń jẹ. Ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ pààrọ̀ apá kan omi, ẹ dín ẹja kù bó bá pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, iyọ̀. Ẹ da ọgọ́rùn-ún lítà omi sínú abọ́ ńlá, ẹ yọ́ kílò iyọ̀ kan sí i. Gíráàmù 10 sí lítà kan nìyẹn. Ẹ kó ẹja díẹ̀ sí i ná, kí ẹ dúró tì wọ́n, kó má kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tó bá dojú dé, ẹ tètè gbé e padà sínú omi tó mọ́. Bí àwọn díẹ̀ yẹn bá yè é, ẹ kó àwọn yòókù.

Ẹni tó bá fẹ́ lo potassium permanganate nínú kòtò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye omi tó wà níbẹ̀. Gígùn mítà 3, ìbú mítà 2, omi tó jìn ní mítà 1: ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ó jẹ́ 6; ìyẹn lítà 6,000. Gíráàmù 2 ni fún lítà 1,000. Gíráàmù 12 péré ni kòtò náà gbà, a sì gbọ́dọ̀ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́, kì í ṣe ṣíbí, kì í ṣe ojú. Ẹ má sì pò ó mọ́ formalin láéláé. Formalin fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí àfòmọ́, ṣùgbọ́n ó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi, ó léwu fún ẹni tó ń lò ó, bó bá sì ti ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun nísàlẹ̀ ìgò, májèlé ẹja ni. Kí onímọ̀ wà níbẹ̀.

Iyọ̀ yìí ló yà wá lẹ́nu jù, nítorí ó jẹ́ ká rí i pé ọgbọ́n ìtọ́jú àfòmọ́ kan náà ni kárí ayé. Lókè òkun, àwọn kan wà tó ń sin ẹja òkun nínú àpótí gíláàsì, fún wíwò, kì í ṣe fún jíjẹ. Àfòmọ́ kan ń bá tiwọn náà jà tó jọ Ich bí ìbejì. Cryptocaryon irritans ni wọ́n ń pè é. Omi òkun ní bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n á dín iyọ̀ omi náà kù díẹ̀díẹ̀ títí á fi wá sí bíi 15 tàbí 16, wọ́n á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá jẹ́ aràn tó lẹ̀ mọ́ awọ, wọ́n a máa ri ẹja òkun bọ omi tí kò níyọ̀ rárá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, aràn náà á sì já bọ́. Ẹ gbọ́ ọ: ẹja omi dídùn, iyọ̀ la fi ń wò ó, ẹja omi oníyọ̀, omi dídùn la fi ń wò ó. Àfòmọ́ kéré, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí iyọ̀ bá yí padà lójijì, yálà kí omi ara rẹ̀ fà gbẹ, tàbí kí omi wọ inú rẹ̀ títí á fi bẹ́. Ẹja tóbi, ó lè fara dà á fúngbà díẹ̀.

Àwọn tó ń sin ẹja òkun yìí tún ń lo bàbà tó yọ́ sínú omi, wọ́n á sì máa wọn ìwọ̀n rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí pé bó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, ẹja á kú. Wọ́n ń lo chloroquine pàápàá fún àfòmọ́ kan tó ń jẹ́ Amyloodinium. Bẹ́ẹ̀ ni, chloroquine tiwa tó máa ń korò, tí ìjọba Nàìjíríà yọ kúrò nípò oògùn àkọ́lò fún ibà ní 2005. Kí ló jẹ́ kí oògùn ibà wúlò fún ẹja? Nítorí pé àfòmọ́ onísẹ́ẹ̀lì kan ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá mọ irú ọ̀tá tó ń bá jà ló lè rí irú ìbátan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń pe gbogbo rẹ̀ ní kòkòrò kò lè rí i.

A mọ èsì tí àwọn kan máa fọ̀. Wọ́n á ní, "Èmi lò ó, ó ṣiṣẹ́." A gbà pé ẹja yín mọ́ lára lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ìwà Ich: ó já bọ́ fúnra rẹ̀ ni. Kò kú, ó lọ bímọ ni. Bó bá padà dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú gbogbo ẹbí rẹ̀, ẹ ó ní àrùn tuntun ni. Àwọn mìíràn pààrọ̀ omi lọ́jọ́ tí wọ́n da oògùn sí i, omi tuntun ló ṣiṣẹ́, oògùn ló gba ìyìn.

Wọ́n tún lè ní bakitéríà a máa gba ojú ọgbẹ́ tí àfòmọ́ dá wọlé. Òótọ́ ni, a kò jiyàn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, dókítà ẹranko ló yẹ kó sọ ọ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò, kó sọ oògùn tó bá a mu, bí a ó ṣe fi sínú oúnjẹ, àti iye ọjọ́ tí ẹja náà gbọ́dọ̀ lò kó tó dé ọjà. Kì í ṣe ohun tí à ń dà sómi bí ẹní ń da gaàrí.

Nítorí pé ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ìkòkò ọbẹ̀ yín. Bí a bá ń da oògùn bakitéríà sómi lọ́jọ́ gbogbo, bakitéríà inú omi náà á kọ́ bí a ṣe ń yè é. Omi kòtò Bàbá, gọ́tà àdúgbò ló ń dà sí. Ẹja Bàbá, ọjà ló ń lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú The Lancet ní 2022 ṣírò pé bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ ló ṣekú pa ènìyàn mílíọ̀nù 1.27 ní tààrà ní 2019, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí sì ni ìwọ̀n rẹ̀ ti ga jù lọ ní gbogbo ayé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ètò lé e lórí ní 2015, Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 2017. Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán ni wọ́n fi kọ méjèèjì. Bàbá wa ní Ìdímù kò gbọ́ sí i.

Ẹ̀yin onímọ̀ ẹja, ẹ̀yin la yà sí báyìí. Èkó ló ní iléeṣẹ́ ìwádìí òkun àti ẹja ti ìjọba àpapọ̀, NIOMR, ní Victoria Island. Èkó ló ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ fún iṣẹ́ ẹja. Àwọn yunifásítì wa ń gboyè fún àwọn onímọ̀ ẹja lọ́dọọdún. A kò bá yín jà lórí ìmọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí à ń bi yín ni pé, ta lẹ ń sọ ọ́ fún? Bí ìwé ìwádìí yín lórí àfòmọ́ ara ẹja àrọ̀ bá dé ọwọ́ gbogbo ayé tí kò dé ẹ̀yìnkùlé tí ẹ ti lọ mú ẹja náà, iṣẹ́ kù. Ẹ má sì sọ fún wa pé àwọn tó ń sin ẹja kò kàwé. Bàbá ka ọ̀nà Èkó fún ogójì ọdún. Èdè tí ẹ fi kọ ọ́ ni kò kà wọ́n kún.

Ẹ má sì sọ pé Yorùbá kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn; wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹ̀rí wà nílẹ̀, a kàn ń rìn yí i ká ni.

Ó wá kan àwa fúnra wa. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá. Ní 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ti ìkejì. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ wọn ló jẹ́ ká lè sọ̀rọ̀ nípa àpólà orúkọ lónìí láìkálọ́lọ̀. Kí ni àwa tí a jogún rẹ̀ ń fi ṣe? À ń fi í yege ìdánwò. À ń fi í bú àwọn tí kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí Facebook. Ní 2018, Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé fọwọ́ sí òfin tó sọ Yorùbá di dandan ní àwọn iléèwé Èkó, a pàtẹ́wọ́, a jó. Ṣùgbọ́n èdè tó bá parí sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí kò lè sọ ohun tó wà nínú ike oògùn fún àgbàlagbà tí ẹja rẹ̀ ń kú, aṣọ ọdún lásán ni.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ rèé.

Ẹ̀yin tó ń ta oògùn, kí ẹ tó na ọwọ́ sí pẹpẹ, ẹ bi oníbàárà yín ní ohun mẹ́ta: Kí lẹ rí lára ẹja? Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ omi gbẹ̀yìn? Ṣé ẹ ti gbé ẹja náà fún ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò? Bí ẹ kò bá lè béèrè, ẹ má tà á.

Ẹ̀yin tó ń ṣe oògùn náà, kò sí ẹni tó ní kí ẹ yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lára ike. Ẹ fi Yorùbá kún un, ẹ fi Haúsá àti Ìgbò kún un. Àyè wà.

Ẹ̀yin tó ń sin ẹja, ẹ má da ẹja tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kó ní àwọ̀n tirẹ̀, kó ní korobá tirẹ̀. Kòrónà ti kọ́ gbogbo wa ní ìyàsọ́tọ̀ ní 2020. Ẹ jẹ́ kí ẹja náà jẹ nínú ọgbọ́n yẹn. Tútù la ti ń ká ẹja. Bó bá gbẹ tán, kíkán ló máa kán.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, kí olúkúlùkù wa wá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹja, iṣẹ́ ọ̀gbìn tàbí ìṣègùn ẹranko. Kí àwọn méjèèjì jókòó kọ ojú ìwé kan péré: ohun tí àìsàn náà jẹ́, bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n, ìwọ̀n ohun tí a ó lò, ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe. Kí á gbé e fún àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́sìn ẹja. Kí á gbé e fún Radio Lagos àti Bond FM, tí àwọn bàbá wa ń gbọ́ láàárọ̀. A ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó dá lórí Trichodina. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti kà á fún Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá ti tún un ṣe fún wa. "Ẹ yọ ọ̀rọ̀ yìí, kò yé mi." Kò sí olùkọ́ tó tíì fún wa ní máàkì tó le tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹja Bàbá, àwọn tó kú ti kú. Lẹ́yìn tí a pààrọ̀ omi, tí a sì fi omi iyọ̀ wẹ àwọn tó kù, ikú dáwọ́ dúró láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó kù kò tó ìdajì ohun tí wọ́n kó síbẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ náà, ibòmíràn ni wọ́n ti yá a. Kò sí ẹni tó lọ dá a padà fún wọn, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n. Nítorí náà ni inú ṣe ń bí wa, nítorí náà la ṣe kọ èyí.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé ike kan lé yín lọ́wọ́, tó ní apakòkòrò ni, ẹ má tíì sanwó. Ẹ bi í léèrè ohun tí Bàbá bi wá: kòkòrò wo?